Ìdí Tí Mi Ò Fi Kí Bàbá Làmídì

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù láti ìgbà tí a ti sin Bàbá wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Sìdí àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí. Kí ó kà á sókè lójú gbogbo ilé, kí ẹ ránṣẹ́ pe Bàbá Làmídì náà, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni.

Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé Bàbá Làmídì, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, sọ pé mo gba iwájú àwọn kọjá lórí ọ̀kadà ní Ìbafo, mi ò kí wọn, mi ò dúró. Wọ́n ní bí mi ò bá wá tọrọ àforíjì, àwọn ò ní jókòó níbi àdúà ọdún kan Bàbá. Ẹ bi mí bóyá eré ló pọ̀ jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kadà, mi ò lè kọjá jíà kejì. Gbogbo àgbàlagbà tí mo bá rí lẹ́bàá títì ni mò ń tẹrí ba fún, ọmọ tí ẹ kọ́ ni mí. Lọ́jọ́ kan ní Mowe, mo tẹrí ba fún ìyá oníbúrẹ́dì kan, ni èmi àti búrẹ́dì wọn bá jọ bára wa nínú gọ́tà. Ọ̀gá tó kọ́ mi rẹ́rìn-ín títí, kó tó ní, “Ibi tójú ẹ bá ń wò ni máṣíìnì máa gbé ẹ lọ. Títì ni kó o máa kí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀ọ́kán. Mo fi orúnkún há táǹkì, mo dẹ èjìká, mi ò fún ọwọ́ ọ̀kadà lọ́rùn mọ́. Jíà kẹta wọlé, ìkẹrin wọlé. Bí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀kadà a rọ̀ mí lọ́wọ́ ju ìgbà tí mò ń rá pálá lọ. Ẹ̀rù kì í bà mí mọ́, èrò sì ń yìn mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú, inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Mò ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Òjò ń pa mí, mò ń wò ó. Bí mo bá wọ yàrá mi, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò tíì sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo rí Bàbá Làmídì láti òkèèrè. Wọ́n ń dúró de mọ́tò, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n fi ọ̀pá há abíyá, bí Bàbá wa ṣe máa ń dá mi dúró gẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi wà lórí bíréèkì. Mo fi kún eré. Nígbà tí mo dé Mowe, mo jókòó sórí ọ̀kadà títí àwọn èrò fi bá ẹlòmíì lọ.

Mò ń bọ̀ nílé ní Jímọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ mọ́.

Bàbá Làmídì, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ẹ má tètè ní kí n dìde. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni màá ti sunkún.

Èmi ni ọmọ yín,
Múfútáù