Orógùn Màmá Nínú Àpótí Irinṣẹ́ Yín

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ forí jì mí pé mo láyà láti kọ lẹ́tà yìí sí yín. Mi ò mọ̀ bóyá irú ẹ̀ bójú mu, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bi. Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ọmọ. Mo dìde, mo gba máìkì, mo wo ojú àwọn èèyàn, mo sì dá máìkì padà. Ẹni tí kò rí gbólóhùn kan sọ lọ́jọ́ tó yẹ, ẹnu wo ló tún kù fún un? Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíì. Ó ti rẹ̀ mí, Bàámi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọ̀kadà yín ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí ẹ gbé e sí kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gùn ún mọ́. Màmá fi aṣọ ìkélé àtijọ́ bò ó, a sì ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí àgbàlagbà tó sùn. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé fún ìsinmi, mo rí i pé ṣọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ń jò. Ọ́ìlì ti ṣàn gba abẹ́ dúrọ́ọ̀mù dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Fọlákẹ́ tó ń gbé yàrá kejì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Fọlákẹ́ gbé omi gbígbóná jáde, wọ́n tẹ ọ́ìlì yẹn, ẹsẹ̀ wọn sì yọ̀. Orí ló kó wọn yọ. Ara ògiri ni omi náà dà sí. Ẹ sáà mọ ẹnu wọn.

“Ìyàwó Oníná! Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé máṣíìnì rẹ̀ fẹ́ mú mi wá bá a o! Ẹ ní mo ní mi ò tíì múra tán!”

Màmá bẹ̀ wọ́n, wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n wọlé. Màmá ò wo ojú mi tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Wọ́n ní bí ọ̀kadà náà bá ṣì ń jò títí di ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri ni yóò gbé e. Wọ́n ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gé e sí wẹ́wẹ́.

Sí wẹ́wẹ́, Bàámi. Ọ̀kadà tí ẹ fi ń gbé àkàbà àti wáyà lọ ṣiṣẹ́ iná káàkiri Okota. Ọ̀kadà tí mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe àga láti jẹ́lé-ó-sinmi títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti là.

“Ẹ má tà á, Màmá. Mo lè tún un ṣe.”

“Ìwọ?”

“Bàámi kọ́ mi.”

Irọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Tọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ máa ń ní kí n dì mú. Tí mo bá tẹ orí ba láti wo ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ ó ní, “Kúrò níbi ọ́ìlì, lọ kàwé ẹ.” Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi? Ṣé nítorí pé ẹ fẹ́ kí ìwé gbé mi jìnnà sí ọ́ìlì ni, àbí ẹ ti wo ọwọ́ mi, ẹ sì rí i pé kò lè ṣiṣẹ́?

Mo bi yín nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ báyìí. Ẹ ò dúró rí i. Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́ ní kí n wá fi fáìlì ha irin kan níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé fáìlì náà ń dún lórí irin bí eyín ẹni tí òtútù mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa mọ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Màmá bi mí, mo ní èsì kò tíì jáde. Wọn ò bi mí mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ó rẹ̀ mí.

A ò lè ti ọ̀kadà náà lọ síbi kankan. Ìjọba kì í jẹ́ kí ọ̀kadà gba títì kọjá mọ́ ní sàkání wa. Ilé ni mo ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Lọ́jọ́rú mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ yín, ní Ṣógúnlé.

“Ọmọ Oníná! Ìwé wo lò ń kà tó gbé ẹ dé ìdí ṣọ́ọ̀kù?”

“Ẹ̀rọ ni, sà.”

“Ẹ̀rọ! Ó tán. Kí àwa mẹkáníìkì lọ máa ta gúgúrú nìyẹn.”

Wọ́n fún mi ní ọ́ìlì, wọ́n sì fún mi ní síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde. Mẹ́ta ni wọ́n kà sí mi lọ́wọ́. Mo ní ẹsẹ̀ méjì ni ṣọ́ọ̀kù ní. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, mẹ́ta ló máa ń mú. Wọ́n ní kí n má fi òòlù na síìlì náà bí ẹni ń gún iyán. Wọ́n tún ní bóòtù ìsàlẹ̀ á máa yí lófìfo, àfi kí n fi igi di ohun tó wà nínú mú láti òkè.

“Bàbá ẹ ní igi tiẹ̀. Igi yẹn náà ló fi ń wọn ọ́ìlì. Wá a nínú àpótí.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé kéréètì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo yọ táyà iwájú, mo tú ṣọ́ọ̀kù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ́ìlì tó jáde dúdú, ó ń rùn bí ẹja tó sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bóòtù ìsàlẹ̀ ń yí, kò sì tú, gẹ́gẹ́ bí Bọ̀dá Múfú ṣe wí. Mo ṣí àpótí irinṣẹ́ yín. Gbogbo sípánà ló mọ́, ẹ ti fi àkísà nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí àṣà yín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀wù iṣẹ́ yín kan wà tí ẹ ká jọ. Mo tú u. Orógùn Màmá ló wà nínú rẹ̀.

Mi ò lè ṣì í mọ̀. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi irin gbígbóná sun sí ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti fi ayùn rẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ sì fi ọ̀bẹ gé àmì kan sí àárín.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Orógùn tí Ìyá Àgbà fi sínú ẹrù ìyàwó Màmá, tí wọ́n gbé láti Ìkirè, ni a wá tì. Màmá ní èmi ni mo mú un lọ fi ṣeré nídìí kànga. Mo búra, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n gbé ọwọ́ sókè. Ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ rí mi, ẹ kọjá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè rí mi lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹ má bẹ̀bẹ̀! Lọ́jọ́ kejì, ẹ ra mítípáì méjì fún mi lójú ọ̀nà, ẹ sì jẹ́ kí n jókòó sórí táǹkì níwájú yín. Mo rò pé àánú mi ló ṣe yín.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orógùn náà lórí itan. Mo bínú sí yín, Bàámi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á sí ìwọ̀sí: ó tù mí lára. Láti ọdún tó kọjá, ẹni rere nìkan ni gbogbo ayé ń pè yín, mi ò sì rí ibi tí mo lè di yín mú. Igi pọ̀ nílẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ orógùn? Ṣé iṣẹ́ ń kán yín lójú ni? Ṣé ẹ fẹ́ jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹ rí bí Màmá ṣe ń sunkún, tí ẹ ní ó di ọ̀la? Mo mọ bó ṣe ń rí. Lọ́jọ́ kìíní irọ́ kéré, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ilé.

Mo tì í bọ inú ṣọ́ọ̀kù láti òkè, mo fi àyà tẹ̀ ẹ́. Bóòtù náà tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ ni Màmá bá mi. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá. Mo fa orógùn yọ, mo sì jókòó lé e lórí.

“Kí lo jókòó lé?”

“Igi ni, mà.”

“Igi wo?”

“Igi tí Bàámi fi ń ṣiṣẹ́.”

“Jẹun kó tó tutù. Wo imú ẹ bí ìkòkò ìdáná.”

Wọ́n lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè dúró, títí omi fi jáde lójú mi.

Mo ṣe síìlì ọ̀tún, ó wọlé dáadáa. Nígbà tó kan ti òsì, ó ti rẹ̀ mí. Mo fi òòlù nà án bí ẹni ń gún iyán. Mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀tún gbẹ, òsì ti rin. Ó wù mí kí n wọlé lọ sùn, kí àwọn onírin àlòkù wá gbé e. Ohun tí mo ṣe sí ìṣirò náà nìyẹn: mo wo ìbéèrè kẹta, mo ní ó ti tó, mo kó bírò mi.

Mo tún un tú. Mo mú síìlì kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí mo wá àjákù páìpù omi tó gbà á rẹ́gí, mo gbé e lé síìlì lórí, mo sì ń rọra gbá a yíká-yíká. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n síìlì náà wọlé. Mo da ọ́ìlì sí i, mo sì ti orógùn bọ inú rẹ̀. Nígbà tí àmì ọ̀bẹ yín bá ẹnu ṣọ́ọ̀kù dọ́gba, tí ṣóńṣó igi náà kan ọ́ìlì, mo mọ̀ pé ó tó. Ta ló wá sọ pé ẹ ò kọ́ mi? Mo fọwọ́ lu táǹkì lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó gùn ún.

Lónìí ọjọ́ Àìkú, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá ò tíì tú gèlè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wo páálí. Wọ́n fi ìka nù ún, wọ́n gbóòórùn ìka. Wọ́n wá fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ ọ̀kadà mọ́lẹ̀, ó lọ, ó bọ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹ̀kán kan. Ìyá Fọlákẹ́ dúró lókèèrè.

“Ó gbẹ lóòótọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan dán an wò o.”

Màmá fa aṣọ ìkélé bò ó padà, wọ́n tún etí aṣọ náà ṣe. “Kó dúró síbẹ̀,” ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bàbá ẹ kọ́ ẹ dáadáa.”

Wọ́n ti wọ ilé ìdáná báyìí. Mo ń gbọ́ bí orógùn kékeré tí wọ́n rà dípò èyí tí ẹ mú ṣe ń kan ìkòkò. Tí mo bá parí lẹ́tà yìí, màá lọ bá wọn níbẹ̀, màá sì sọ ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò mi. Tèmi ni, mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀. Tiyín kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo ti nu orógùn, mo ti ká a sínú ẹ̀wù yín padà, àárín rẹ̀ náà ni màá sì fi lẹ́tà yìí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, kó má kúrò láàárín àwa méjèèjì. Tí ẹ bá yọ sí Màmá lójú àlá, ẹ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ sì rántí pé Ìyá Àgbà tó fún Màmá ní orógùn náà ti ṣáájú yín dé ọ̀run. Tí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ ń kà, ẹ tètè jókòó lé e lórí.

Ọmọ yín tí kò gbàgbé mítípáì méjì yẹn,
Adi-tọ́ọ̀ṣì-mú yín.