Irú Tí Wọ́n Jù Sókun

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìdúró dè wá. Mo kí gbogbo ilé wa ní Kambolé, mo kí Ẹ̀gbọ́n Ráfíù ní Kouloundè, tó ń bá wa gba ẹrù láti Tchamba kọjá sí Sokodé.

Ara mi le, inú mi ni ò dùn. Ní Lomé níbí, òjò ò jẹ́ kí òkun rọlẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú ọkọ̀ apẹja wa tó gbọ́ èdè wa. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kéré, ẹ má bínú.

Irú tí ẹ fi ewé dì fún mi, ọ̀gá ẹ̀rọ wa ló jù ú sómi. Orí ń fọ́ gbogbo wa, èébì ń gbé wa, ó ní irú ará oko ló ń pa wá. Àna rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, báàjì ẹgbẹ́ kì í kúrò láyà rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Mo búra pé yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Irú lọ, òórùn ò lọ, orí ò sì yéé fọ́ wa. Ààwẹ̀ la wà, ẹ sì mọ imú aláàwẹ̀, ọbẹ̀ ilé kejì ni í máa gbọ́. Èéfín gásóìlì tí ẹ̀rọ ọkọ̀ wa ń mu ni mo gbọ́. Mo ya jalabíà mi funfun àtijọ́, mo so àkísà rẹ̀ káàkiri ara páìpù tó ń gbé èéfín jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló dúdú bí ìdí ìkòkò, èyí tó wà lẹ́yìn ògiri ibùsùn ọ̀gá ẹ̀rọ. Páìpù ti lu níbẹ̀, àpò àti ọ̀dà ni ọkùnrin náà fi bo ihò rẹ̀, tó sì sọ fún kápítéènì pé òun ti pààrọ̀ páìpù.

Ó sì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń sùn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní nínú ara mi pé kó máa sùn lọ, kí èéfín rẹ̀ pa á. Mo fi omi àti dàbínù ṣínu, mi ò kánjú. Ìgbà náà ni mo wá rò ó pé òkú kì í gbóòórùn irú. Mo fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, mo wọ́ ọ síta, ó bì lé mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí kápítéènì rí àkísà, ó bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní kí irú mi máa gbé nínú yàrá ọkùnrin náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe irú mìíràn, kó pọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá, ẹ jẹ́ kó rùn.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí iṣu yín ta, kó dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín, tí kò tíì dárí ji ọ̀gá ẹ̀rọ náà.