Àwọn Olùtọ́jú Tó Máa Ń Pẹ́ Dé

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi ti le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu mi, ẹ má dààmú.

Ẹ ní irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an. Ọpọlọ èkúté ni mò ń gé pẹlẹbẹ, tí mò ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó yọ ẹ̀ka bí ìràwọ̀. Olùtọ́jú ni wọ́n: wọ́n ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú, wọ́n sì ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn wọn. Wọn kì í ṣe oríṣi kan. Ti iwájú orí yàtọ̀ sí ti ìpàkọ́, bí ọwọ́ ìyá kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn. Nínú oyún, àwọn tó ń ronú ló ń ṣáájú. Àwọn olùtọ́jú máa ń pẹ́. Ìgbà tí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó ń pọ̀.

Lánàá, mo fẹ́ kọ ọjọ́ orí oyún èkúté kan sára gíláàsì tí mo tẹ́ ọpọlọ ẹ̀ sí, mo kọ "oṣù mẹ́fà." Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èkúté tí oyún ẹ̀ kì í tó oṣù kan!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Màmá, ẹ má tíì wọkọ̀ òfurufú. Fìlà kékeré tí ẹ hun, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Ọkọ mi ti tú bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, ó ní yàrá há jù.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má wá orúkọ ọmọ mọ́.