Àwòrán Moore Street Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Wọ́n ta àwòrán yín ní gbàǹjo ní Dublin níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Èyí tí ẹ yà ní ọjà Moore Street ni: òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń dán, Màmá dúró níwájú àwọn ẹlẹ́ja, èmi wà lẹ́yìn Màmá, fìlà mi kò ju ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan lọ.

Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán tí ẹ fi tà á nítorí owó ilé. Kí ló dé tí ẹ ò fi èyí kan ṣoṣo pa mọ́ fún Màmá? Mo mọ̀ pé nǹkan le. Àwọn òyìnbó tó ń ta àwòrán nígbà yẹn ń bi yín pé igbó dà, ẹkùn dà, ta ló ní kí ọmọ Áfíríkà máa ya òjò Dublin. Ẹ padà sí Ìbàdàn, àwọn tiwa náà ń bi yín pé ìgbà wo lẹ máa yà á parí. Ẹ wá ń kọ́ ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń ya ìkòkò títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ẹ kàn máa ń nu búrọ́ọ̀ṣì sára aṣọ ni. Ní báyìí tí owó ti kún Dublin, impressionist ńlá, ọ̀gá nínú àwọn tó ń fi ẹ̀kán ọ̀dà ya ìmọ́lẹ̀, lẹ wá dà nínú ìwé àwọn oní-gbàǹjo. Níbo ni wọ́n wà látọjọ́ yìí?

Ojú Màmá ń lọ, Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ní Finglas, ní Dublin níbí, ni wọ́n ń gbé báyìí. Dókítà ní ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù yìí náà ò ní pẹ́ tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí, kí àwọn rí àwòrán yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú fún àwọn. Owó tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi ra mọ́tò ni mo kó lọ.

Mo ń nawọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń pe owó, títí ó fi ku èmi àti ọkùnrin òyìnbó kan tó ń kọ́lé tà. Ni ẹlòmíràn bá nawọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yíjú, Àlàájì ni, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ gbé yàrá kan nígbà tí ẹ wá kàwé níbí, tí wọn ò padà sílé mọ́. Ṣé kí n wá máa bá ọ̀rẹ́ bàbá mi du nǹkan lójú gbogbo ayé? Mo tẹ orúnkún, mo kí wọn, mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé. Àlàájì mi orí sí mi, àwọn náà gbé tiwọn sílẹ̀. A ń wo ara wa, a ń rẹ́rìn-ín. Òyìnbó yẹn fi díẹ̀ kún un, oní-gbàǹjo sì gbá òòlù mọ́ tábìlì.

Níta, omi lé ròrò lójú Àlàájì. “Mo rò pé ìwọ lò ń rà á fún ìyá ẹ. Mo yẹra fún ẹ ni.”

Mo sáré bá òyìnbó tó rà á, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí Màmá ṣáà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ò ní gbé e kọ́ rárá, inú yàrá onírin ní báńkì ló ń lọ, títí owó rẹ̀ á fi gòkè sí i. Ó ní kí n má bínú, ó sì wọ mọ́tò.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ bá àgbà du nǹkan. Ẹ ò kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe tí àgbà náà bá ń yẹra fún mi.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Gbé e súnmọ́ mi dáadáa.”

Bàbá, kí ni kí n gbé súnmọ́ wọn?

Èmi ọmọ yín,
tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín gidigidi.