Àtàǹpàkò Mi Lórí Ìwé Ọkọ̀

Ilé Olóbì,
Òfin, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Hàmdálátù, àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ, Ìdíátù Àjọkẹ́, kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún yìí, a sì sin ín lẹ́yìn ìrun Alásàárì lọ́jọ́ náà gan-an. O mọ̀. Ìwọ lo ń bu omi nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé yìí lè dé iwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Tíṣà fi í ṣáájú ìkíni.

Wàyí o, mo kí ọ. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó bá ọkọ rẹ lẹ́nu iṣẹ́, kó bá àwọn ọmọ rẹ níbi tí wọ́n ti ń pariwo, nítorí ilé tí ọmọ ti ń pariwo, àlàáfíà ló wà níbẹ̀. Èmi náà wà. Mò ń jẹun nígbà tí wọ́n bá gbé e ka iwájú mi. Tíṣà Ọláníyọnu, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹnu Rẹ́mọ ni mo fi ń sọ ọ́, ó ń fi ti ìwé kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i. O ti máa ń sọ pé kí n pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù kì í dúró síbi tí a gbé e sí. Ìwé ni wọ́n fi dè mí, ìwé ni màá fi tú ara mi sílẹ̀.

O rántí pé nígbà tí kíndìnrín ìyá rẹ kọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la gbọ́dọ̀ gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́nà Ìlíṣàn. Kò lè jókòó sórí ọ̀kadà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú kò sì gba inú bọ́ọ̀sì. Mo ta ṣọ́ọ̀bù obì mi ní Sábó, mo lọ bá Lásúnkànmí, oníṣòwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó to ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ṣíámáànù. Mo sọ fún un, etí Ṣẹ̀rífù àbúrò rẹ sì gbọ́ ọ: “Aláìsàn ni mo fẹ́ máa fi gbé. Mi ò wá ọkọ̀ tó lẹ́wà. Èyí tí kò ní dá wa dúró sọ́nà ni mò ń wá.” Ó gbá orí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, ó ní, “Bàbá, èyí á gbé yín dé Mẹ́kà.” Ó wá fi ìwé kan síwájú mi, ó ní rìsíìtì ni. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Ṣẹ̀rífù tó mọ̀wé kò kà á. Rédíò inú ọkọ̀ ló ń tẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé wa lọ, ló gbé wa bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìkẹ́nnẹ́ ni èéfín sọ níwájú, ọkọ̀ sì kú. Ìyá rẹ ní, “Bàbá Hàmdá, ọkọ̀ yín yìí ń mu tábà.” A tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi obì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó ní àwọn obì náà kò tíì gbó. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a fi máa rí ọkọ̀ mìíràn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní ká padà wá ní ọ̀túnla. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Lásúnkànmí gbé ọkọ̀ náà lọ, wọ́n da nǹkan sí i, wọ́n ní ó ti dára. Ó tún kú. Wọ́n tún gbé e lọ, ó tún kú.

Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò sọ pé ọkọ̀ ló pa ìyá rẹ. Dókítà ní àìsàn náà ti jinlẹ̀, mo sì gbà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ènìyàn nítorí òkú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀, Lásúnkànmí sì jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, mo ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Fẹ̀hìntọlá, mẹkáníìkì kan ní Ìlíṣàn tí kò mọ̀ mí, tí kò mọ Lásúnkànmí. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì náà funfun bí ògì. Ó ní omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Ó mú irin, ó ń ha ọ̀dà kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà, gọ́ọ̀mù ló bá nísàlẹ̀ ọ̀dà. Bó ṣe dúró nìyẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, kò wò mí lójú. Ó ní, “Bàbá, èmi ni mo lẹ gọ́ọ̀mù yìí.” Ó ní olùkọ́ yunifásítì kan, Màmá Hephzibah, ló ni ọkọ̀ náà nígbà yẹn; ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sán, òun sì sọ fún màmá náà pé gọ́ọ̀mù yìí kò ju kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un lọ. Ta ló tà á fún un? Lásúnkànmí. Ta ló gbà á padà, tó kun ọ̀dà lé gọ́ọ̀mù, tó gbé e síta kó lè máa wo ojú ọ̀nà? Lásúnkànmí kan náà ni. Ọkùnrin náà mọ̀, Hàmdálátù. Ó mọ̀ nígbà tó ń dárúkọ Mẹ́kà.

Mo ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà síwájú ilé mi, mo sì lọ bá Lásúnkànmí. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó rà á. Bẹ́ ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á. Tòkunbọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ tuntun.” Ó fa ìwé yọ, ó fi àtàǹpàkò ara mi hàn mí, ó kà á pé èmi Yésúfù ti yẹ ọkọ̀ wò, ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọjà tí a bá ti tà a kì í gbà á padà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Bàbá olóbì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń gba obì tí wọ́n ti gé jẹ padà ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bí wọ́n bá gé e jẹ tí wọ́n bá kòkòrò nínú rẹ̀, mo máa ń gbà á. Bí a ò bá la obì, ta ló mọ inú rẹ̀? Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ kì í ṣe obì, ó sì ní kí wọ́n sin mí síta.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni ọjọ́ kan tí n kò fẹ́ rántí padà wá bá mi. Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Àlájì Gàmbó, oníbàárà mi ní Kánò, ránṣẹ́ pé agbọ̀n gbàǹja mẹ́ta tí òun rà lọ́wọ́ mi, kòkòrò ti jẹ ìsàlẹ̀ wọn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé, “Ojú rẹ̀ ló fi wò ó kó tó rà á.” Obì ló ń ṣà, kò gbé orí sókè. Ó ní, “Ojú a máa rí inú obì ni? Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Hàmdá, ṣé ẹ mọ̀?” Mo mọ̀. Èmi ni mo kó èyí tí ọwọ́ mi fura sí sísàlẹ̀ agbọ̀n, tí mo to èyí tó ń dán lé e lórí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán yìí, Tíṣà gbé bírò rẹ̀ dúró, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ìyá rẹ kò bú mi. Ó pọ̀n ọ́, ó ṣa agbọ̀n mẹ́ta tuntun nínú ọjà tirẹ̀, ó fi ewé dì í, ó gbé e lọ bá awakọ̀ tó ń lọ sí Kánò ní Sábó. Ó ní kí wọ́n sọ fún Àlájì pé ọkọ òun ló ní kí òun gbé e wá. Títí mo fi ta ṣọ́ọ̀bù mi, Gàmbó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò ra obì lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ṣàgámù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun tí Lásúnkànmí ṣe kò yé mi. Ó yé mi bí ó ṣe ń yé ẹni tó ti ṣe é rí. Ìyàtọ̀ wa ni pé obìnrin kan wà nílé tèmi.

Tíṣà bá mi wádìí òfin. Ó ní ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tó rajà ní orílẹ̀-èdè yìí: ẹni tó ta ọjà tó ní àléébù, tó mọ̀, tó fi pamọ́, kò lè fi ìlà kan nínú rìsíìtì sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba sì wà tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ló fi òfin náà pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ní wọn kò fi pamọ́, a kò bèèrè ni. Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún mélòó la ti ń wí pé “Ọlọ́run á dá a” fún ohun tí adájọ́ lè dá?

Mo wá Màmá Hephzibah lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ará ìjọ Tíṣà ni. Ó gbé omi fún mi, ó sunkún ìyá rẹ tí kò rí rí. Ó ní nígbà tí Lásúnkànmí dá díẹ̀ padà fún òun nínú owó ọkọ̀, ó ní kí òun fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Ìyá mi, ìwé tó dì yín lẹ́nu ló fọ́ mi lójú.” Ó sin mí dé géètì, ó ní bí obìnrin tó mọ̀wé bá lè wá jókòó ti òun, òun á gbé ìwé náà síta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Tíṣà kọ̀wé sí i, Lásúnkànmí wá kí mi kú ìrọ́jú, pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Ó lé ní oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ín! Ó ní òun á fún mi ní ọkọ̀ pupa kékeré kan, òun á gbé eléérú lọ, kí n ṣáà tẹ àtàǹpàkò síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣẹ̀rífù ń tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: “Bàbá, ẹ gbà á.” Mo bi Lásúnkànmí pé, “Eléérú tó o fẹ́ gbé lọ yìí, kí lo máa fi ṣe?” Ó ní, “Ìyẹn ò kàn yín mọ́, Bàbá.” Ó kàn mí. Ẹnìkan ń bẹ tó ń wá ọkọ̀ tó máa fi gbé aláìsàn rẹ̀, ọ̀dà tuntun ni yóò sì rí. Mo ní kó gbé ìrẹsì rẹ̀. Mo ní àtàǹpàkò tí mo fi pa ojú ìyá wọn dé, n kò ní tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí yóò di ojú ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà dọwọ́ rẹ báyìí. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní tún fọwọ́ sí ohun tí n kò lè kà. Ṣẹ̀rífù kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Ìwọ lọ̀gá ilé ìwé, Abẹ́òkúta tí ìjọba wà lo wà. Kọ́kọ́ lọ jókòó ti Màmá Hephzibah. Fẹ̀hìntọlá ti ní òun á jẹ́rìí. Owó ṣọ́ọ̀bù mi, bí wọ́n bá gbà á, ó dára. Ṣùgbọ́n kí Lásúnkànmí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀, kí ọkọ̀ náà má sì kúrò níwájú ilé mi lọ sọ́jà mọ́. Ìwọ lo wà lẹ́yìn ìyá rẹ lọ́jọ́ tó gbé obì lọ sí Sábó. O ti mọ ọ̀nà náà kó o tó mọ̀ ọ́n rìn.

Kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́. Kí ó fún ọ ní ẹnu tí wọn ò ní lè fi ìrẹsì dí. Kí àwọn ọmọ rẹ gbé ọ níyì bí o ṣe gbé ìyá rẹ níyì, kí ó sì tẹ́ ilẹ̀ fún Àjọkẹ́ ní ibi tó tutù. Àmín.

Tíṣà ti ka ìwé yìí sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò mi fi wà nísàlẹ̀ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Yésúfù Olóbì.

Àfikún: Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, má fún Ṣẹ̀rífù. Mo fi gbàǹja mẹ́wàá rán Tíṣà sí ọ, èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣà nítorí ẹni tó ń bá mi ṣà á ti lọ. Là wọ́n kó o tó dúpẹ́.