Káàdì Olódòdó Tó Wà Lára Fíríìjì Rẹ

                                        Yàrá Tó Kángun, Àjà Kejì,
                                        Òkè Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi àtàtà, ìyá ọmọ tuntun,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ti ń balẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o fojú kan oorun? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà níbí. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, o sì mọ ibi tó ti jogún rẹ̀. Ara tèmi le, ojú nìkan ló ń tì mí.

Kí n tó bá ìkíni lọ, mo bẹ̀ ọ́, káàdì olódòdó tí mo dì mọ́ aṣọ ọmọ tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, èyí tí mo kọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ibà sí, má lò ó. Ọkọ rẹ jókòó síwájú mi báyìí, ó ń jẹun kó tó lọ wọ ọkọ̀ ọ̀sán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé káàdì náà wà lára fíríìjì yín, pé ara ọmọ sì ń gbóná díẹ̀ nígbà tí òun kúrò nílé, bóyá eyín ló fẹ́ hù. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Fóònù rẹ ti kú láti ọjọ́ tó ti bọ́ sínú omi ìfọṣọ, mo pe aládùúgbò rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Mo ní kí ọkọ rẹ jíṣẹ́ fún ọ, mo sì ní kó tún un sọ kí n gbọ́. Ohun tó tún sọ kò jọ ohun tí mo sọ rárá. Ni mo bá mú bírò, kó lè mú lẹ́tà yìí bọ̀ wá fún ọ.

O mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí kan lórí Wasáàpù. Àwa tí ọmọ wa jọ ń lọ sílé ìtọ́jú ọmọ kan náà la dá a sílẹ̀, ká lè máa mọ ọjọ́ tí wọn ò ní ṣílẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi di ilé ìwòsàn mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá wúkọ́ láàárọ̀, ogún òbí á ti júwe oògùn kó tó di ọ̀sán. Ta wá ni aṣáájú wọn? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mi ò ka ìwé ìṣègùn kankan ju èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò lọ, ṣùgbọ́n mo ti bímọ kan, mo sì mọ̀wé tẹ̀ kíákíá. Ni wọ́n bá ń pè mí ní Dókítà. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà kejì, mo dáhùn.

Nígbà tí ibà wá ń mú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé ìgò oògùn ọmọ mi, mo da ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá má sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé nílé ìtẹ̀wé, ojú mi kì í gba ohun tí kò bá lẹ́wà. Mo fi òdòdó yí i ká. Mo ya nọ́ọ̀sì kan sókè, tòun ti fìlà funfun. Nígbà tí mo wá to ọ̀rọ̀ sáàárín, ìlà kan yọ jáde, ó gun orí òdòdó. Ìlà náà ni “fún ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rin.” Mo wò ó títí, ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Àbúrò mi, mo yọ ìlà, mo fi òdòdó sílẹ̀.

Káàdì náà gbayì. Ọgọ́ta èèyàn ló fi àwòrán ọkàn pupa dá mi lóhùn. Orí mi wú débi pé mo tẹ ogún sórí páálí, mo fi ọ̀rá bò wọ́n kí omi má bàa rin wọ́n, mo sì ń pín wọn kiri. Ọ̀kan nínú ogún náà ló wà lọ́dọ̀ rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin onídìrí kan wọ ilé ìtẹ̀wé wa, ó pọn ọmọ oṣù márùn-ún. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó na fóònù sí ọ̀gá mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìwé, ẹ bá mi wá ẹni tó ṣe nǹkan yìí.” Káàdì mi ni. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tiwa, ó ti dé ẹgbẹ́ àwọn onídìrí, kò sì sí orúkọ mi lára rẹ̀, àfi nọ́ọ̀sì onífìlà. Obìnrin náà rò pé ilé ìwòsàn ló gbé e jáde. Ó wọn ṣíbí kan bí mo ṣe kọ ọ́, àmọ́ inú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń kán oògùn sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ló ti wọ̀n ọ́n, èyí tó le ju tàwọn ọmọ ńlá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fún un lọ́jọ́ kan. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara rẹ̀ rọ, kò fẹ́ la ojú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà nílé ìwòsàn kí wọ́n tó ní kò sí nǹkan tó bà jẹ́ lára rẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó ní, “Mo mọ òdòdó yìí o.” Ó wá yíjú sí mi. Ó ti dé ẹnu mi pé kí n ní ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló ń lo irú òdòdó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ló rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, “Èmi ni, mà.”

Ìgbájú ni mò ń retí, ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ní ká fún òun lómi. Ó ní, “Mo gbà á gbọ́ torí pé ó dáa. Mo ní ẹni tó fara balẹ̀ tó báyìí ò lè ṣàṣìṣe.” Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú ọ̀gá àti oníbàárà. Ó ní, “Ẹkún kọ́, àǹtí. Ẹ̀yin lẹ pín in, ẹ lọ kó o jọ.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, ọwọ́ àgbà náà ni orí ọmọ ti wọ́.

Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé káàdì náà ò tọ̀nà, pé èmi ni mo yọ ìlà ọjọ́ orí, kí ẹni tó bá ti fi í ránṣẹ́ síbòmíì padà lọ sọ fún wọn. Èèyàn mẹ́ta péré ló dáhùn. Ọ̀kan ní ṣé mi ò lè fi òdòdó sí i, kó lè wu èèyàn pín. Mi ò bínú sí i, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ. Onídìrí náà mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ò dé fìlà, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọmọ ṣe wúwo tó àti irú ìgò tó wà nílé làwọn fi ń mọ ìwọ̀n oògùn, pé kí n yé pín oògùn, kí n máa pín nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan, ohun tí mò ń kọ kò ju “nọ́ńbà rèé” lọ. Wọn ò pè mí ní Dókítà mọ́. Nọ́ńbà Rèé ni wọ́n ń pè mí.

Èyí tó ti wọ orí fóònù, mi ò lè kó o tán. Ṣùgbọ́n mo ti ń kan ilẹ̀kùn kiri nítorí ogún orí páálí. Mọ́kàndínlógún ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, tìrẹ ló kù; ẹni tí mo máa rán sí ọ ni mo ń wá tí ọkọ rẹ fi dé.

Rántí pé lọ́jọ́ tí káàdì náà dé ọwọ́ rẹ, o bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ló wà fún. Mo ní ṣé ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lo fẹ́ kọ́ mi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè rẹ nìkan ló mọ́gbọ́n dání. Má bínú sí mi, ẹ̀rù ọmọ rẹ ń bà mí.

Má wá iye ṣíbí nínú lẹ́tà yìí, mi ò ní kọ ọ́. Gbé ọmọ àti ìgò oògùn lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yín tó máa ń wọ̀n ọ́n. Bó bá kọ ọmú tàbí tí ara rẹ̀ rọ, má dúró kílẹ̀ mọ́ rárá. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn àpòòwé yìí, ọkọ rẹ ló kà á fún mi, mo sì ti pè é wò.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ní ti káàdì yẹn, má wulẹ̀ gbìyànjú láti fà á ya. Mo fi ọ̀rá bò ó dáadáa, o mọ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Àlùmọ́gàjí ni kí o fi gé e, ibi òdòdó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kó àwọn ègé rẹ̀ fún ọkọ rẹ kó mú wọn bọ̀, kí n fojú ara mi rí i pé ogún pé.

                                        Èmi ni tìrẹ,
                                        ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í ṣe dókítà,
                                        Nọ́ńbà Rèé.