Tìróò Ìdí Eyín

Krofrom, Kúmásì, 1991

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Bàbá Ràzíátù ti fi aṣọ títà sílẹ̀ ní Kejetia. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ ló ń yọ́ lẹ́yìnkùlé wa báyìí, ọjà sì ń tà. Àwọn adìyẹ nìkan ló ń pòòyì títí wọ́n fi kú.

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi tìróò ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ yín. Ẹ má ṣèyọnu. Ìlà dúdú kan ṣàdédé yọ ní ìdí eyín bàbá rẹ̀, àfi bí ẹni lé tìróò síbẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi wo dígí.

Ràzíátù ń kí yín. Kì í dáhùn mọ́ bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ yín, á rẹ́rìn-ín, tìróò tirẹ̀ náà á sì hàn.

Èmi Sàwúdátù, ọmọ yín